Ìbọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Viiu

Viiu àbúrò mi obìnrin ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ oko tí kì í ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ní Saaremaa, erékùṣù wa, nígbà èwe wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fẹ́yàwó. Ẹsẹ̀ tó bá ki pọ́pọ́, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ni. Èyí tó bá tín-ín-rín, ọ̀lẹ. Mi ò mọ ẹni tó gbé ìsọkúsọ yẹn kalẹ̀. Inú ẹ̀ ṣì ń bí mi.

Ọwọ́ rẹ̀ ni Viiu fi wá nǹkan ṣe sí i. Ó ń fi irun àgùntàn hun ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn. Yóò lọ́ ojú òwú kan, yóò mú un gba orí èkejì kọjá, títí ọnà náà yóò fi gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ gòkè. Vikkel là ń pè é. Òwú tí a bá lọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn. Mẹ́ta ni Viiu ń wọ̀ léra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá gan-an sì ní ọnà lára.

Ó fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aadu gan-an, Aadu náà ò rí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Reet, ìyá Aadu, tí gbogbo obìnrin ń jowú ẹsẹ̀ rẹ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan ò ní wọlé òun. Ọkàn Viiu ò balẹ̀ nítorí ọjọ́ tí àṣírí máa tú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí yìnyín ti ń yọ́, Reet àti Viiu ló gbẹ̀yìn lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Yìnyín ojú kòtò omi kan fọ́ mọ́ Reet lẹ́sẹ̀, omi mù ún dé orúnkún. Viiu fà á wọ abà koríko kan, ó kúnlẹ̀ láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ọmọ yìí. Á gbẹ mọ́ mi lára."

"Kó gbẹ kẹ̀? Nínú òtútù yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé e ni, Màmá?"

Viiu bọ́ ọ̀kan. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ ìyẹn náà, òmíràn tún wà. Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ tán, ẹsẹ̀ tó yọ jáde tín-ín-rín ju ti Viiu lọ.

Reet kọjú sí ògiri. Viiu fún omi ìbọ̀sẹ̀ náà dànù.

"Bàbá Aadu ńkọ́?"

"Ó mọ̀. Òun ló ní n má jẹ́ kí ìyá òun mọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Viiu, inú sì bí i pọ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó, ó bọ́ méjì nínú ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ fún un, ó fi ẹyọ kan bo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Reet wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, kò bú u. Ó kàn ń fọwọ́ pa ọnà ara ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Ti abẹ́ náà ní ọnà? Ta ló fẹ́ rí i?"

"Ó máa ń mú ẹsẹ̀ ki ni, Màmá."

Reet rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan nu ẹsẹ̀, ó wọ èkejì, ó ní ó tó.

Mo wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n dé. Yẹ̀rì wọn ò gùn tó láti bo nǹkan kan. Gbogbo obìnrin ń wolẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Reet di Viiu lọ́wọ́ mú.

"Kí lẹ̀ ń wò? Ìyàwó ọmọ mi ló hun ún."