Ẹja Tó Dán Kànga Wa Wò

Ọmọ tó ń tajà náà kó oríṣi mẹ́ta oògùn tí wọ́n fi ń dán omi ẹja wò síwájú mi. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dára jù, torí ní gbogbo àdúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò, pálọ̀ tèmi nìkan ni ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì. Ó kán oògùn sínú omi tí mo gbé wá.

"Ẹ ní sùúrù, Alájì, ẹ jẹ́ kó yí àwọ̀."

Bí mo ṣe ń dúró, ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìlú wa, Ara, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga tuntun. Òùngbẹ ń gbẹ ìyá mi tó lóyún, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní kò gbọdọ̀ mu omi náà àfi tí ẹja tí a jù sínú rẹ̀ bá ṣì wà láàyè. Ta ló mú ẹja ọ̀hún lódò? Èmi ni, ọwọ́ lásán ni mo fi mú un. Mo dojúbolẹ̀ létí kànga, òórùn amọ̀ tútù ń fẹ́ sí mi nímú.

"Ògbójú apẹja, ṣé ẹja rẹ ò ti kú?" ni ìyá àgbà wí.

"Ẹ dúró ná, màmá."

Mo ju èérún ẹ̀bà sómi. Omi mì, ẹnu funfun kan là, ó gbé e mì. Ìyá àgbà fa omi fún ìyá mi, ó mu ún títí ó fi ń ṣàn sórí ikùn rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé omi kànga àtijọ́ ni wọ́n fura sí pé ó pa ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò bá láyé.

Bàbá mi nawọ́ sí ife kejì. Ìyá àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Apẹja ló kàn."