Ìyá Ọjọ́-Wo

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin kan fi ránṣọ níléeṣẹ́ wa kí wọ́n tó ní kó máa gba ìwé iṣẹ́ wọlé. Èmi ni mò ń gé aṣọ, tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì làwọn oníbàárà fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ló bá ra ìwé kékeré kan. Gbólóhùn tó bá ti jẹ mọ́ àkókò, á dà á kọ, á bi ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà léèrè, á wá kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èyí tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù, tó ní kí iṣẹ́ yá bó bá ṣe lè yá tó, ohun tó kọ sí i ni: "Kò dá ọjọ́." Sí èyí tó ní ká ṣe é tán kí iléeṣẹ́ tó tilẹ̀kùn lónìí, ó kọ: "Tiwa àbí tiwọn?"

Bíwèé bá ti wọlé báyìí, á gbé fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo? Aago mélòó?" Bó ṣe di Ìyá Ọjọ́-Wo nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìwé méjì wọlé, pàjáwìrì ni wọ́n kọ sórí méjèèjì. Òtẹ́ẹ̀lì kan ń fẹ́ igba aṣọ ibùsùn. Ilé ìwòsàn kan ń fẹ́ ọgọ́rin aṣọ táwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì, nítorí ọ̀rẹ́ òun ló ni ín. Ìyá Ọjọ́-Wo ò jiyàn. Ó pe ibi méjèèjì, ó bi wọ́n pé bí aṣọ ò bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ní ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì káwọn àlejò dé. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù nílé ìwòsàn ní omi ti ya wọ yàrá aṣọ àwọn, ó ti ba gbogbo aṣọ jẹ́, ó sì ní àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ.

Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ilẹ̀kùn ò padé, mo ń gbọ́ wọn.

"Ẹ má bínú sà. Àwọn méjèèjì ló kọ pàjáwìrì, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ò lè dúró."

Ọ̀gá bi í pé ta ló máa sọ fún ọ̀rẹ́ òun.

"Mo ti sọ fún wọn sà. Wọ́n ní kò burú, ká ṣáà má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ọjọ́ kẹwàá."

Ọ̀gá ní ó dáa, ká kọ́kọ́ ṣe ti ilé ìwòsàn.

Ọwọ́ wa ò tó, ni Ìyá Ọjọ́-Wo fúnra ẹ̀ bá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, aṣọ ilé ìwòsàn ti pé. Ti òtẹ́ẹ̀lì parí lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Ìgbà tó yá, nọ́ọ̀sì yẹn wá dúpẹ́. Ìyá Ọjọ́-Wo béèrè àwọn ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbogbo wọn, wọ́n sì ti wà nílé lọ́dọ̀ ìyá wọn. Mi ò rí i kó sunkún rí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rí òwú fi sójú abẹ́rẹ́ nígbà tó ń bá wa ránṣọ lọ́jọ́ náà.