Iná Bàbá Mi Tí Mo Fòfin Dè

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé aráyé ni mo fẹ́ dá lẹ́bi. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sára pákó, mo sì fi ìṣó kàn án mọ́ igi òrí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FI INÁ SÍ IBÍ. Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, torí èmi ni tíṣà tó fẹ̀yìntì, èmi ni mo mọ̀wé.

Òkè kékeré kan ni mo ń sọ, ilẹ̀ ìdílé wa, lẹ́yìn ìlú tiwa tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ibẹ̀ nìkan ni ṣẹ́wùtù kù sí. Igi kúkúrú ni, kì í sábà ga ju orúnkún lọ. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń yọ òdòdó, kí ewé tó dé, òdòdó náà a sì pọ́n bí ìyeyè. Ìyá mi máa ń se gbòǹgbò rẹ̀ fún ibà, ó sì máa ń kó òwú inú èso rẹ̀ sínú ìrọ̀rí. Orí irú ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ ni mo sùn títí mo fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì tí mo padà sílé, àwọn tó ń wá gbòǹgbò tà fún àwọn elégbòogi ìgboro ti hú u tán lọ́nà Omupo, wọ́n ti hú u tán lọ́nà Òwu-Ìsin. Mo búra pé tiwa kò ní tán lójú mi.

Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdẹ ni, àgbẹ̀ ni, alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí orí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, á ro ojú ọ̀nà yí òkè náà ká, á dúró kí ìrì gbẹ, á bu eruku sọ sókè kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Lẹ́yìn náà ló máa fi iná sí i. Iná yẹn kì í le. Ó máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti kú. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ̀tá àgbẹ̀ ni iná, èmi náà sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìwé ti gùn mí débi pé n kò rí ohun tí ojú mi rí mọ́.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá, iná yìí ló máa pa ìwọ̀nba tó kù."

"Àwọn tó ń hú u ni kó o lé," ó ní. "O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá. Inú eérú ni ṣẹ́wùtù ti ń jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí."

"Èmi náà kọ́ ọ."

A ṣe òfin náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, bàbá mi gun òkè rẹ̀, ó sì fi iná sí i bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tó lè bí, ó ní òun ṣẹ̀, kí wọ́n má bínú. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn tábìlì tí mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí a délé, ó mú ìṣáná rẹ̀ jáde, tó máa ń fi ọ̀rá wé nítorí ìrì, ó nà án sí mi.

"Gbà," ó ní. "Má jẹ́ kí n tún ṣẹ̀ ọ́ mọ́."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, inú mi dùn, koríko ga, gbogbo òkè tutù yọ̀yọ̀. Lọ́dún kejì, òdòdó kò tó nǹkan. Ọdún yẹn ni bàbá mi kú, kò sì bi mí léèrè òkè náà títí ó fi lọ. Lọ́dún kẹta, koríko ti bò mí lórí, ìtàkùn ti dí gbogbo ibẹ̀, ṣẹ́wùtù tí mo bá nísàlẹ̀ ti rù kan egungun. Ibi kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ẹnì kan ti sun iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, iná rẹ̀ sì ti jó igun kan tí kò ju ẹní méjì lọ. Àárín eérú yẹn, òdòdó pọ́n rẹ́rẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ojú tì mí gidigidi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, mo tú ọ̀rá kúrò lára ìṣáná bàbá mi. Mo ro ojú ọ̀nà, mo dúró de ìrì, mo bu eruku. Iná náà kò tíì dé ìdajì òkè tí àwọn ará ìlú fi rí èéfín, wọ́n sáré wá, wọ́n fi ewé tútù lù ú pa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí síwájú ẹgbẹ́.

Akọ̀wé wọn tó gba ìwé lọ́wọ́ mi, mo kọ́ ọ ní pírámárì. Ó ka òfin náà ketekete, bí mo ṣe kọ́ ọ láti máa kàwé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi láyè kí n jó ìyókù kí koríko tó gbẹ dénú. Mo ní tí wọ́n bá kọ̀, ṣẹ́wùtù yẹn kò ní rí ọdún méjì sí i.

"Sà," akọ̀wé ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀tá àgbẹ̀ ni iná. Ta ló wá sọ fún yín pé iná dára?"

"Bàbá mi ni."

Kò fi mí ṣẹ̀sín, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ó fi ìka wá ibẹ̀, ó sì kà á sí wa létí: bàbá mi ti gbà fúnra rẹ̀ pé iná tí òun fi sí òkè náà kò dára, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú. Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀, kí wọ́n má bínú, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo fi ìyókù kún un, kí àkọsílẹ̀ lè gún régé.