Ìyàwó Télọ̀ Gbójú Sókè

Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ bi Ìyàwó Télọ̀ wò, ẹni tó ti fi ọdún méjìlélógún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ títí etí rẹ̀ fi kún. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, tí ewé ń já bọ́, tí afẹ́fẹ́ tutù, ọkọ rẹ̀ á ti ṣọ́ọ̀bù pa, aṣọ oníbàárà ì báà wà lórí máṣíìnì. Àwọn méjèèjì á gun òkè ẹ̀yìn ilé, wọ́n á lọ ka àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń ṣí lọ síbi tó móoru.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Ọkọ á gbójú sókè, á pe "Mẹ́wàá!" bí ẹyẹ bá ti pé mẹ́wàá. Ìyàwó á mú bọ́tìnnì kan láti àpò ọ̀tún sí tòsì. Bí wọ́n bá délé, ọkọ á ka bọ́tìnnì, á kọ iye ẹyẹ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó mú bọ́tìnnì kò gbọdọ̀ wòkè, kó má baà ṣi iye mú, òfin Télọ̀ sì le ju ti ìjọba lọ. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi lọ wo ẹyẹ láìrí ẹyẹ, àfi koríko àti itan ara rẹ̀. Kò ráhùn. Ó fẹ́ràn bí inú ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń dùn lórí òkè yẹn.

Lọ́dún yìí, ojú Télọ̀ fọ́. Kò kọ́kọ́ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nígbà tó yá, kò rí abẹ́rẹ́ gan-an. Dókítà ní ojú náà kò ní padà. Láti ìgbà náà ló ti kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ kò wù ú, àlejò kò wù ú. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó rẹ̀ pé kò ní í dìde níbẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin náà gbọ́ igbe alápàńdẹ̀dẹ̀ lórí wáyà iná. Ó ju ẹ̀wù òtútù sí ọkọ rẹ̀ láyà.

"Bàbá, ẹ dìde. Èmi ni màá wòkè lónìí. Ẹ̀yin lẹ máa mú bọ́tìnnì."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò mọ alápàńdẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ sí adìyẹ?"

"Adìyẹ tó bá fò kọjá, màá kà á mọ́ ọn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkùnrin náà, ó gbé e mì. Ó dìde.

Lórí òkè, mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọjá, Ìyàwó Télọ̀ pè é. Ìkejì, ó pè é. Àfi bí ojú ọ̀run ṣe kún. Wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀yìn igbó lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n ń pín yà, wọ́n tún ń pàdé, ikùn wọn funfun nínú oòrùn. Obìnrin náà lanu sílẹ̀. Kò ka ìkankan mọ́. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é gan-an, nítorí ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ọkùnrin náà pàdánù.

"Mélòó?" ni Télọ̀ bèèrè nígbà tí ariwo wọn lọ sílẹ̀.

Ó ṣe ìyàwó rẹ̀ bíi kó dá iye kan sọ. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò kọ iye irọ́ sínú ìwé rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mo gbàgbé láti kà. Wọ́n pọ̀, wọ́n rẹwà, mo kàn ń wò wọ́n ni. Mo ti ba ìwé yín jẹ́." Ló bá bú sẹ́kún.

Télọ̀ sún mọ́ ọn. Ó nawọ́, ó wá ojú ìyàwó rẹ̀ kàn, ó nu omijé ibẹ̀.

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́," ló ní. "Ọdún méjìlélógún ni èmi nìkan fi ń jẹun, tí mo ní kí ìwọ máa ka àwo. Jọ̀ọ́, sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi."

Obìnrin náà nu imú, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ nípa ìrù wọn tó là bíi sísọ́ọ̀sì, àti ọ̀kan tó ń ya síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn gbogbo wọn, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

"Ọmọ ọdún yìí nìyẹn," Télọ̀ sọ. "Kò tíì mọ̀nà."

Obìnrin náà sọ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin náà dúró lójijì.

"Ọ̀la ńkọ́?" ló bèèrè. "Aago mélòó la máa jáde?"