Igi Gbígbẹ Tí Ìyá Mi Kò Jẹ́ Kí A Fi Dáná

Ọdún tí mo kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni obìnrin kan láti yunifásítì kọ́kọ́ dé abúlé wa. Mi ò bímọ fún ọkọ yẹn, ìyá rẹ̀ sì ti bá a fẹ́ ìyàwó mìíràn. Kò sẹ́ni tó lé mi. Wọ́n kàn dákẹ́ sí mi nínú ilé náà títí mo fi mọ̀ pé kò sí ààyè mi níbẹ̀ mọ́. Mo wọkọ̀ ojú omi padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi, ìyá mi sì fún mi ní aṣọ iṣẹ́ kan láì bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ẹ̀bá ọ̀sà ni abúlé wa wà, kò jìnnà sí Ajah. Ogun abẹ́lé ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n títì ọ̀dà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń lọ Èkó á wọkọ̀ ojú omi, tàbí kó máa fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Bàbá mi ń kan ọkọ̀ ojú omi, òun náà ni ládánì tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí kékeré àárín abúlé. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń yan ẹja.

Lẹ́yìn ahéré tí a ti ń yan ẹja, igbó igi kúkúrú kan wà tó lọ títí dé etí omi. Àwọn igi náà kì í ga ju èèyàn lọ. Ewé wọn nípọn, ó ń dán, omi oníyọ̀ kò sì lè pa wọ́n. Bí ẹ̀ka wọn bá kú, kì í tètè já bọ́. Orí ìdúró ni yóò ti gbẹ, tí yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Kò sí igi tó dára tó o fún ẹja yíyan, torí èéfín rẹ̀ kì í korò, ó sì máa ń mú kí ara ẹja pọ́n dáadáa.

Lára àwọn ẹ̀ka kíkú yẹn ni olú kan ti máa ń hù. Kò ní agboòrùn lórí bí olú tí à ń jẹ. Ńṣe ló dà bí ọwọ́ ọmọ ìkókó tó fi ìka wúwú di igi mú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí epo pupa tó ti dì. Adìgimú là ń pè é lábúlé wa. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Bó bá wà lára igi tí a ṣẹ́, òun àti igi náà la jọ ń kó sínú iná.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, èmi àti ìyá mi ń to ẹja sórí pẹpẹ tó wà lókè iná, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ahéré. A yọjú. Obìnrin kan ni, ó wọ ṣòkòtò, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ẹ̀ka gbígbẹ kan, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù.

Ìyá mi ní, “Màdáámù, ṣé kò sí o? Ta lẹ ń wá?”

Obìnrin náà dìde, ó tún kúnlẹ̀ láti kí ìyá mi. “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo wọ ẹ̀yìnkùlé yín. Kí lẹ ń pe eléyìí?”

“Adìgimú. A kì í jẹ ẹ́ o.”

“Kí ló dé, mà?”

“Ó le bí awọ bàtà. Ìyàn gan-an ò lè mú kí èèyàn jẹ ẹ́.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wa pé olùkọ́ ni òun ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa olú sì ni iṣẹ́ òun. Ó ti ń rin etíkun láti ọjọ́ pípẹ́, láti ìhà Badagry títí dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì tíì rí irú olú yìí níbòmíràn. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe igi gan-an ni olú náà ń jẹ, pé ebu kan wà tó ń mú kí igi kíkú náà jẹrà, ebu yẹn ni oúnjẹ adìgimú. Nítorí náà, bí a bá ṣẹ́ ẹ̀ka kíkú kúrò, a ti gba ilé àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi tẹ́tí gbọ́ ọ tán. Ó nawọ́ sí iná tó ń jó nínú ahéré. “Ọmọ mi, ẹ̀ka kíkú yẹn ni mo fi ń yan ẹja.”

Obìnrin náà wo iná, ó wo ìyá mi, ó dágbére fún wa.

Ó padà wá. Nígbà mìíràn á sùn sílé wa, nínú yàrá tí mò ń sùn, torí ọkọ̀ ojú omi ọjọ́rọ̀ ti lọ tán. Kò mú ẹ̀bùn wá tan ìyá mi jẹ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú dání ni awò kékeré kan tí ń sọ ohun tíntìntín di ńlá. Lọ́jọ́ kan ó fún ìyá mi ní awò náà pé kó wo adìgimú. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó dijú kan, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, “Sùbúhánalláhì,” ó sì dá awò náà padà fún un.

Lọ́jọ́ kejì ló pe èmi àti bàbá mi. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣẹ́ igi gbígbẹ nínú igbó ẹ̀yìn ahéré mọ́.

Bàbá mi béèrè pé, “Kí lo máa wá fi yan ẹja?”

“Màá wági níbòmíràn.”

“Nítorí olú?”

“Bàbá wọn, ohun tí Ọlọ́run fi sẹ́yìnkùlé èmi, tí kò fi sí tẹlòmíràn, ẹ fẹ́ kí n fi dáná?”

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ìkọjá àbàtà láti wá igi. Ọ̀nà náà jìn, igi tí a sì ń rí níbẹ̀ tutù, èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Ẹja wa kò pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ya àwọn ìró rẹ̀ tó ti gbó, ó so wọ́n mọ́ àwọn igi etí igbó náà kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé a ti dáàbò bò ó. Bàbá mi bínú. “Wọn á ní ìyàwó ládánì ti ń so aṣọ fún òrìṣà.” Ìyá mi fèsì pé kí wọ́n máa wí.

Wọ́n sì wí. Àwọn obìnrin abúlé, tí wọ́n jọ máa ń ṣẹ́gi níbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, kò dùn mọ́ wọn. Ẹnì kan dúró síwájú ahéré wa, ó ní, “Olú tí kò ṣeé jẹ lẹ ń ṣọ́, iná ilé wa ló ń kú.” Mi ò lè bá a jà, torí òótọ́ ló sọ. Àwọn mìíràn ń lọ ṣẹ́ ẹ nígbà tí a bá ti kúrò nílé. Ìyá mi á rí ojú igi tí wọ́n ṣẹ́, á fọwọ́ kàn án, á wọlé, kò ní jẹun.

Ní àkókò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi nìkan ló lọ wági ní ìkọjá àbàtà, torí ibà ń ṣe mí. Kùkùté kan tó wà lábẹ́ omi gún un lẹ́sẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ náà rìn wálé, igi lórí. A fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, a fi epo sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ̀ ojú omi tí bàbá mi kàn fúnra rẹ̀ la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn l’Ékòó. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Wọn kò rí ẹsẹ̀ náà gbà là láti orúnkún sísàlẹ̀.

Nígbà tí a gbé e padà délé, bàbá mi mú àdá, ó kọjú sí ẹ̀yìn ahéré. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ìyá mi pè é láti orí ẹní. “Ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá gé e, kí ni mo wá fi ẹsẹ̀ mi ṣe?”

Bàbá mi ju àdá sílẹ̀. Kò tún bá wa sọ̀rọ̀ olú mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí obìnrin yunifásítì náà wá, tó rí ìyá mi lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀. Ìyá mi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi ni mo wá ń yan ẹja. Èmi náà ni mo ń rìn lọ sí ìkọjá àbàtà.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la títì ńlá náà. Àwọn ará Èkó ń wá ra ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò bàbá mi ló di olórí ẹbí, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹja kò tó mọ́ nínú ọ̀sà, àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ohun mìíràn lọ́wọ́ wa ju ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ẹbí ní àwọn fẹ́ ta gbogbo etí omi, igbó wa náà sì wà nínú rẹ̀.

Obìnrin yunifásítì náà bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́ tẹnu òun. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi iwájú mọ́sálásí, a gbé ìyá mi dé ibẹ̀. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ìjọba, wọn kò dáhùn, ó ní kí wọ́n fi igbó kékeré yẹn nìkan sílẹ̀.

Àbúrò bàbá mi béèrè pé, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ṣé oògùn ni?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà.”

“Ṣé yóò wúlò fún wa lọ́jọ́ iwájú?”

Ó lè purọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó purọ́. Ó wo ìyá mi, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Mi ò mọ̀, sà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí níbòmíràn.”

Àwọn àgbà wo ara wọn. Mo rí i pé ọkàn àbúrò bàbá mi balẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ìpàdé túká, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà.

Kí katapílà tó dé, èmi àti obìnrin náà gé àwọn ẹ̀ka tí adìgimú wà lára wọn, a sì fi okùn dè wọ́n mọ́ ìwọ̀nba irú igi yẹn kan náà tí a rí ní ìkọjá àbàtà. Bí a ṣe ń dè wọ́n ló ń sọ fún mi pé òun kò rò pé yóò gbà. Mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń ṣe é. Ó ń so okùn lọ.

Katapílà kó igbó náà mọ́ ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí oòrùn tó mú. Wọ́n da iyanrìn lé e lórí. Ìyá mi ní kí n gbé àga òun sẹ́yìn ahéré, ó jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Awakọ̀ katapílà náà kí i, ó dá a lóhùn.

Àwọn ẹ̀ka tí a gbé lọ kò yè. Lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, àwọn olú náà di dúdú, wọ́n rọ̀, wọ́n já bọ́ sínú omi. Nígbà tó yá, owó oṣù yunifásítì kò gbọ́ bùkátà mọ́, àwọn olùkọ́ ń lọ sókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà wá dágbére fún wa pé òun náà ń lọ.

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ṣé ẹ rí i níbòmíràn ṣá?”

“Mo ṣì ń wá a, mà.”

“Ẹ bá mi máa wá a.”

Ìyá mi kò rí ọyẹ́ ọdún náà parí. Ibi tí a sin ín sí kò jìnnà sí mọ́sálásí. Mo kọ lẹ́tà sí obìnrin náà, mi ò mọ̀ bóyá ó rí i gbà.

Èmi kó wá sí Ajah, mo ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá bá èrò lọ sí ìhà Ìbẹ̀jú tàbí Ẹ̀pẹ́, mo máa ń yà sínú igbó etí omi. Mo ń wo ẹ̀ka kíkú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi àwọn tó ń ṣẹ́gi bóyá wọ́n mọ olú tó dà bí ọwọ́ ọmọ ìkókó. Àwọn kan rò pé orí mi kò pé. Obìnrin arúgbó kan ní òun rí i nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kò rántí ibi tó ti rí i. Mi ò rí i.