Sìmẹ́ǹtì Funfun Ara Ògiri Bouazza

Ọkùnrin kan náà ló ya àwòrán ilé gogoro méjèèjì ní Kasabulánkà. Bouazza ń ṣọ́ èyí tó wà létí òkun, Miloud ń ṣọ́ ìkejì rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí ògiri méjèèjì sán, bíríkìlà lẹ sìmẹ́ǹtì funfun mọ́ ojú ibi tó sán. Bí ìyẹn bá là, ilé ń rìn nìyẹn, ó lè wó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, Miloud pe Bouazza wá wo tiẹ̀. Ó ti là sí méjì, àwọn ará ilé sì ti ń kẹ́rù.

"Ìyá kan náà ló bí wọn," ni Miloud wí. "Kí lo ń wò mí sí? Lọ wo tìẹ!"

Bouazza sáré padà, ó gun àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ dé àjà kẹsàn-án níbi tí ògiri ti sán. Sìmẹ́ǹtì wà ní odindi. "Alhamdulillahi!" Ó fọwọ́ kàn án. Ó ṣì tutù, funfun rẹ̀ sì ra á níka.

Rkia, ìyàwó rẹ̀, gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà yọ.

"Bàbá Nezha, ṣé ó dán? Ààwẹ̀ ò gbọdọ̀ bá ilé wa ní wúruwùru. Sìmẹ́ǹtì yẹn ti là látìjẹta, èmi ni mo dí i, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà tán."