Ibi Tí Fèrè Zipporah Ti Dákẹ́

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí o, torí ìfẹ́ ló bà á jẹ́.

Zipporah, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ti ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, fèrè dúdú gbọọrọ yẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Ìdógùn láti kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Amẹ́ríkà ń wá afọnfèrè tí wọ́n máa kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó fọn orin ìgbàlódé tiwọn níwájú èèyàn, kó ká a sórí fóònù láìgé e, kó fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú kan tó ṣú. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì, kó jókòó sílé rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni Zipporah máa pé e.

Orin náà, àgbákò ni. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, kò sì ṣàánú ètè ọmọ ọlọ́mọ. Fèrè á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, á fọ ohùn méjì pọ̀, á wá ku èémí lásán, títí tó fi máa dákẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn ló máa rọra padà, kó wá dùn. Ètè tó bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀la kó tó lè tún un fọn.

Lọ́jọ́ Àìkú náà gan-an, fíkà tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ìjọ dúró lẹ́yìn ìsìn. Zipporah gbé fèrè sẹ́nu, kò sì ṣi ibì kankan. Ó dé ibi èémí. Ó dákẹ́. Kò kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ta ló sì ń kìlọ̀ fún èèyàn pé òun fẹ́ dákẹ́?

Háà! Bí ohùn bá há mọ́ akọrin lọ́fun ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣé a máa jókòó máa wò ó ni? Ìyá rẹ̀, tó ti ń gbààwẹ̀ lórí fèrè yìí, ló kọ́kọ́ dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó dá orin ìyìn. Gbogbo ìjọ gbè é. Oníduùrù náà bọ́ sí i.

Zipporah na ọwọ́ pé kí wọ́n dúró. Wọ́n rò pé Ọlọ́run ló ń yìn, ni wọ́n bá tún gbóhùn sókè. Ó wo fóònù tó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé èyí tó ká ti bàjẹ́, ètè òun ò sì lè tún un fọn kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá rẹ̀ wá dì mọ́ ọn. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. A ò jẹ́ kójú tì ọ́. Ṣé o rí i?"

Ó wo ojú ìyá rẹ̀, bí òógùn àti ayọ̀ ṣe kún ibẹ̀.

"Mo rí i, Màmá," ló wí. "Ẹ ṣé."